Bíláòsì àdìrẹ, kọ́là tó ṣeé dé tó sì ṣeé ṣí, àti ìdí tó fi ń gun ọrùn lẹ́yìn

Ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí mo gba fíríìdọ́ọ̀mù, Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kọ́sítọ́mà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní kí n rán bíláòsì àdìrẹ fóun, tóun lè bọ́tìnì ẹ̀ dé ọrùn lẹ́nu iṣẹ́, bóun bá ti jáde kóun ṣí i sílẹ̀ kó rí bíi kóòtù. Mo rán an. Tó bá dé e, ó ní ó ń fún òun lọ́rùn. Tó bá ṣí i, kọ́là á máa gùn sókè lẹ́yìn débi tí ojú ìrán á fi máa hàn, inú aṣọ náà á tún máa yọjú níwájú. Ọ̀gá mi ní kí n tú u kí n lo gọ́ọ̀mù líle, èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ inú aṣọ kó lè dúró. Ẹnìkan ní kí n gé kọ́là ní bíásì, ìyẹn ní dágẹ̀ẹ́rẹ́ sí ojú òwú. Ẹlòmíì ní sítáǹdì ni mi ò fi sí i. Èwo ni kí n gbà nínú ẹ̀, àbí kí n kúkú ra aṣọ míì san fún un?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú làálàá kọ́sítọ́mà. Má tíì ra aṣọ kankan. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé o rò pé àìsàn kan ló ń ṣe kọ́là yẹn, gbogbo ẹni tó o sì bi léèrè náà ń fún ọ ní oògùn kan ṣoṣo. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Fífún tó ń fún un lọ́rùn, ọrùn aṣọ ló ni ín. Gígùn tó ń gùn sókè lẹ́yìn, etí òde kọ́là ló ni ín. Inú aṣọ tó ń yọjú níwájú, fésìnì, ìyẹn aṣọ tí à ń rán sínú etí iwájú, ló ni ín, kò tiẹ̀ kan kọ́là rárá. Mo ti ń rán irú bíláòsì yìí láti ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi n'Ìbàdàn, ohun tó sì pẹ́ kó tó yé mi nìyí: kọ́là fúnra ẹ̀ ni nǹkan tó kéré jù nínú iṣẹ́ yẹn. Aṣọ gbọọrọ kan báyìí ni. Iṣẹ́ gidi wà nínú fésìnì, nínú ọrùn aṣọ, àti nínú ibi tó o bá fi bọ́tìnì àkọ́kọ́ sí, ìyẹn èyí tó tẹ̀ lé ti ọ̀fun.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ sítáǹdì yẹn ká, torí òun ló máa ń da àwọn ènìyàn rú jù. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tí wọ́n ń so táì sí, kọ́là tiẹ̀ jẹ́ ọ̀nà méjì, ẹsẹ̀ tó dúró yí ọrùn ká wà lọ́tọ̀, ewé tó ń ṣubú lé e lórí náà wà lọ́tọ̀, wọ́n wá rán méjèèjì pọ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní sítáǹdì. Kóòtù náà ní tiẹ̀, wọ́n ti fa ìlà ibi tí lápẹ́ẹ̀lì, ìyẹn iwájú tó ká padà síta, ti máa ṣẹ́ láti orí pátánì, wọn ò tiẹ̀ rò ó pé ẹnikẹ́ni máa dé e dé ọ̀fun. Èyí tí kọ́sítọ́mà rẹ ń fẹ́, tí wọ́n ń pè ní kọ́nfátíbù, àárín àwọn méjèèjì ló wà: aṣọ kan náà ló ń ṣe ẹsẹ̀ tó tún ń ṣe ewé, ibi tó bá ṣẹ́ sí ni ẹsẹ̀ parí sí, tó o bá sì ṣí bọ́tìnì òkè, iwájú bíláòsì fúnra ẹ̀ ló máa ká padà tó máa di lápẹ́ẹ̀lì. Torí náà ẹni tó sọ pé o ò fi sítáǹdì sí i, ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ló wà lọ́kàn ẹ̀. Tó o bá fi sítáǹdì sí i, ó máa dára gan-an tó bá dé e, àmọ́ tó bá ṣí i báyìí, ẹsẹ̀ yẹn á kàn dúró gan-n-gan sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì bí etí ewúrẹ́.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ bí kọ́là ṣe ń gùn sókè lẹ́yìn. Mú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan, gé e ní gbọọrọ, kó fẹ̀ tó ínṣì 3, kó gùn tó ọrùn rẹ. Wé e mọ́ ọrùn níwájú dígí. Wàá rí i pé ó dúró ṣánṣán bíi kọ́là pásítọ̀, tó o bá sì fipá ṣẹ́ ẹ wálẹ̀, ẹ̀yìn á máa fà, kò ní fẹ́ sùn sílẹ̀. Ìdí ni pé etí tó wà lọ́rùn àti etí tó wà lóde gùn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ tí kọ́là bá ti ṣẹ́ wálẹ̀, etí òde ló ń rìn lórí èjìká, èjìká sì fẹ̀ ju ọrùn lọ. Wàyí o, mú sísọ́ọ̀sì, ge etí òde yẹn ní ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún láti òde wọlé, má jẹ̀ẹ́ kó já lọ́rùn. Wé e padà. Á sùn sílẹ̀ wọ̀ọ̀, gbogbo ibi tó o gé á sì yà sílẹ̀. Yíyà tó yà sílẹ̀ yẹn ni gígùn tí kọ́là rẹ ń wá tí kò rí. Kọ́là tó bá ń gùn sókè lẹ́yìn tó ń ṣí ojú ìrán sílẹ̀, etí òde ẹ̀ kúrú ni. Ebi aṣọ ló ń pa á. Gọ́ọ̀mù líle ò lè fún un ní aṣọ tí kò ní, ṣe ló máa tún le tí kò ní fẹ́ ṣẹ́ rárá.

Bí a ṣe ń ṣe é lórí pátánì nìyí. Gé kọ́là rẹ ní gbọọrọ bí o ṣe gé e tẹ́lẹ̀, ìdajì rẹ̀ nìkan, láti àárín ẹ̀yìn dé àárín iwájú. Sàmì sí ibi tí èjìká bọ́ sí. Ge ìwé náà láti etí òde wá sí etí ọrùn níbi àmì èjìká yẹn, tún gé e ní ibi kan sí méjì láàárín èjìká àti ẹ̀yìn, kó o wá ya ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ìdajì kọ́tà ínṣì. Fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, kó o fa ìlà ẹ̀ kó dán. Etí ọrùn á tẹ díẹ̀, etí òde á gùn sí i. Má ṣe àṣejù o, torí bó o bá ṣe ń yà á sí i ni kọ́là á máa sùn sílẹ̀ sí i, tó o bá yà á dé ibi tí etí ọrùn rẹ̀ fi rí bí etí ọrùn aṣọ gan-an, kọ́là àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lo rán yẹn, kò ní ní ẹsẹ̀ mọ́, tó bá dé e ó máa dà bí àwo tí wọ́n gbé kọ́ ọrùn. Tí etí òde bá tún wá gùn jù, á máa ru gùdù bí etí fìlà tó ti gbó. Àárín ẹ̀yìn kọ́là mi máa ń fẹ̀ tó ínṣì 3, kọ́tà kan lé ínṣì 1 á lọ fún ẹsẹ̀, èyí tó kù á lọ fún ewé. Ewé gbọ́dọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ lọ, ó kéré tán kó fi ààbọ̀ ínṣì jù ú, kó lè bo ojú ìrán. Tó o bá gé kọ́là tó fẹ̀ ní ínṣì 2 péré bí mo ṣe rí i tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kan ń ṣe torí wọ́n fẹ́ ṣọ́ aṣọ lò, kò sí ibi tí ewé fẹ́ gbà bo ohunkóhun.

Fífún ọrùn ńkọ́? Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè kan: nígbà tó o ń wọn ọrùn aṣọ láti mọ bí kọ́là ṣe máa gùn tó, ibo lo gbé tépù sí? Tó bá jẹ́ pé etí tó o gé lo gbé e sí, kì í ṣe ojú ibi tó o máa rán, ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ọrùn aṣọ ihò ni, aláwáǹsì, ìyẹn aṣọ tí a fi sílẹ̀ láàárín etí àti ojú ìrán, sì ń wọ inú ihò yẹn, torí náà etí tí a gé kúrú ju ojú ìrán lọ. Tí aláwáǹsì bá jẹ́ ààbọ̀ ínṣì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yíká ọrùn máa ń ju ínṣì 2 lọ, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ohun tó máa ń wá ṣẹlẹ̀ ni pé aránṣọ á gbé kọ́là wá, á rí i pé ó kúrú, kò ní gé òmíràn, á kàn mú ìrán lọ sí etí gan-an kí ọrùn lè bá kọ́là mu. Ọrùn aṣọ á wá kéré ju bí pátánì ṣe fẹ́ ẹ lọ, kọ́sítọ́mà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka fa kọ́là bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Torí náà, gbé tépù dúró lórí etí ẹ̀, kì í ṣe kó sùn, kó o fi wọn ojú ìrán láti àárín ẹ̀yìn dé èjìká, kó o wọn láti èjìká dé àárín iwájú. Ká ní ẹ̀yìn jẹ́ 3, iwájú jẹ́ 5, ìdajì kọ́là rẹ jẹ́ 8 nìyẹn, odindi ẹ̀ jẹ́ 16. Mo tún máa ń sọ ọrùn iwájú kalẹ̀ ní ààbọ̀ ínṣì sí ibi tí pátánì fi sí kí n tó wọn ohunkóhun, torí pátánì tó sún mọ́ ọ̀fun dáadáa, kò sẹ́ni tó lè dé bọ́tìnì ẹ̀ kó jókòó sí ọ́fíìsì títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nínú oòrùn wa yìí.

Nǹkan míì tó jọ ọ́ ni kí ọrùn aṣọ ti fà kó o tó gbé kọ́là dé ibẹ̀. Ọrùn ò sí ní ojú òwú gígùn, bíásì ló pọ̀ jù níbẹ̀, bó o bá ṣe ń gbé aṣọ náà kiri lórí tébù, tó o ń rán èjìká, tó o ń áyọ́ọ̀nù, ó ń fà ni. Rán ìlà kan yí i ká lójú ẹsẹ̀ tó o bá ti gé e tán, kó o tó fọwọ́ kan nǹkan míì.

Ibi tí kọ́là parí sí, àwọn tó mọ iṣẹ́ gan-an ṣì máa ń ṣì í. Kọ́là yìí, àárín iwájú ló gbọ́dọ̀ parí sí, kì í ṣe etí aṣọ. Etí bọ́tìnì tó yọ kọjá àárín iwájú, èmi máa ń fi í sílẹ̀ kó fẹ̀ tó bọ́tìnì tí mo fẹ́ lò, kọ́là ò gbọ́dọ̀ wọ orí ibẹ̀ rárá. Tí kọ́là bá parí sí àárín, tó o bá dé e, ṣónṣó méjèèjì á fẹnu kò ní àárín ọ̀fun, tó o bá sì ṣí i, etí bọ́tìnì yẹn ló máa di orí lápẹ́ẹ̀lì, àlàfo tó máa wà láàárín òun àti kọ́là ló sì ń jẹ́ kó rí bíi kóòtù. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin méjìlá tí mo fa kọ́là gbogbo wọn dé etí. Ọjọ́ ìdánwò, gbogbo kọ́là gun ara wọn níwájú, ti apá ọ̀tún lórí ti òsì, gbogbo àwọn ìyá yẹn wá dà bí ẹni tí orí wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn orí àwọn àgbà gan-an ni mo wọ́. Òru méjì ni mo fi tú méjìlá yẹn.

Wàyí o, fésìnì. Mi ò rí bíláòsì rẹ, ṣùgbọ́n mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé o gé fésìnì rẹ ní gbọọrọ kan tó fẹ̀ ní ínṣì 2 láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì. Bọ́tìnì dídé nìkan ni ìyẹn wúlò fún. Tó o bá ṣí i, ìlà tí lápẹ́ẹ̀lì ti ń ṣẹ́ ò bá etí aṣọ lọ, láti ibi bọ́tìnì àkọ́kọ́ ló ti máa dágẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sí ibi tí èjìká pàdé ọrùn, bó ṣe ń gòkè ló ń jìnnà sí etí. Fésìnì rẹ á tán kó tó dé ìlà yẹn, inú aṣọ á sì yọjú. Torí náà fésìnì kọ́nfátíbù, láti orí pátánì iwájú ni kó o ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀: fa ìlà ṣíṣẹ́ yẹn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kó o rí i pé fésìnì kọjá ẹ̀ ní ínṣì 1 ó kéré tán níbi gbogbo, kó tó nǹkan bí ínṣì 2 lójú èjìká, kó sì wá máa tẹ wálẹ̀ wẹ́rẹ́ títí á fi di ínṣì 2 àbọ̀ tàbí 3 lẹ́sẹ̀ bíláòsì. Aṣọ kan náà ni kó o fi gé e, ojú ẹ̀ síta, torí pé fésìnì yẹn ni gbogbo ayé máa rí tó bá ṣí i. Níbi tó bá ti di lápẹ́ẹ̀lì, jẹ́ kí fésìnì fi bíńtín tóbi ju iwájú aṣọ lọ, kí ojú ìrán lè fara pamọ́ sábẹ́. Ìsàlẹ̀ bọ́tìnì àkọ́kọ́, yí i padà, jẹ́ kí iwájú aṣọ fi bíńtín jù ú. Kọ́là náà bẹ́ẹ̀, aṣọ méjì la máa ń rán pọ̀ ṣe é, èyí tó wà lókè là ń pè ní ewé òkè, èyí tó wà lábẹ́ ni ewé abẹ́. Ewé òkè gbọ́dọ̀ fi ìdajì kọ́tà ínṣì tóbi ju ti abẹ́ lọ létí òde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣónṣó kọ́là á máa ká sókè bí ewé tí oòrùn pa.

Ẹ̀yìn ọrùn, ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn kan ń gé fésìnì fún ẹ̀yìn náà, wọ́n á rán an mọ́ ti iwájú lójú èjìká, wọ́n á wá fi kọ́là sáàárín òun àti bíláòsì. Ó yá, àmọ́ ó máa ń nípọn lọ́rùn, fésìnì ẹ̀yìn náà sì fẹ́ràn kó máa jáde síta. Èyí tí mo fẹ́ràn ni èyí tí ò ní fésìnì ẹ̀yìn: wàá rán ewé abẹ́ kọ́là mọ́ ọrùn yíká, láti èjìká wá síwájú wàá rán ewé òkè náà pọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú fésìnì, ṣùgbọ́n láàárín èjìká méjèèjì lẹ́yìn, wàá fi ewé òkè sílẹ̀. Tó o bá dé ojú èjìká, já aláwáǹsì gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan títí kan ojú ìrán, má já òwú o, kí ewé òkè lè kúrò láàárín wọn. Yí kọ́là síta, ṣẹ́ aláwáǹsì ewé òkè sínú, fi ọwọ́ tàbí máṣíìnì rán an bo ojú ìrán ẹ̀yìn. Ó mọ́, ó fẹ́lẹ́, kò sí ohun tó máa jáde. Jíjá ojú èjìká yẹn ló ń ba àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́rù, torí tó o bá jù ú, ihò á wà níbẹ̀ títí ayé.

Gọ́ọ̀mù, jẹ́ kí n má bú ọ̀gá rẹ, torí nígbà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ tiwọn, kọ́là tó le bíi páálí ni wọ́n ń pè ní kọ́là. Àmọ́ kọ́là yìí gbọ́dọ̀ lè ká síbí ká sọ́hùn-ún lójúmọ́ kan náà, tó bá le, ìlà ibi tó kọ́kọ́ ṣẹ́ sí á dá síbẹ̀, tó bá dé e ìlà yẹn á máa hàn bí ojú àpá. Gọ́ọ̀mù rírọ̀ ni kó o lò, èyí tó bá ṣeé ká mọ́ ìka. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ewé òkè kọ́là àti fésìnì, fi ewé abẹ́ sílẹ̀ tí aṣọ náà ò bá fẹ́lẹ́ jù. Kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù, torí gọ́ọ̀mù kan wà lọ́jà tó máa ń sú bí ẹni pé eéwo bo aṣọ tó bá ti fojú kan omi. Àdìrẹ yẹn fúnra ẹ̀, ṣó o fọ̀ ọ́ kó o tó gé e? Tó ò bá fọ̀ ọ́, ó lè sún kì lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́ kí ọrùn tún kéré sí i, ká wá máa dá kọ́là lẹ́bi. Tó bá sì jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, torí ojú kan ni wọ́n ń kun ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn ẹ̀ lè má mọ́lẹ̀ bí ojú.

Bíásì tí ẹnìkan sọ yẹn, kò purọ́, kò kàn dáhùn ìbéèrè ni. Ewé abẹ́ tí a gé ní bíásì máa ń ká dáadáa, mo máa ń ṣe é fún aṣọ tó nípọn. Ṣùgbọ́n bíásì ò lè ṣe iṣẹ́ etí òde tó kúrú.

Bọ́tìnì òkè pátápátá, ìyẹn èyí tó wà lọ́fun, rò ó dáadáa kó o tó gé ihò fún un. Tó o bá gé ihò níbẹ̀, lọ́jọ́ tó bá ṣí i, ihò yẹn máa wà lójú lápẹ́ẹ̀lì gbangba. Àwọn kan ò kà á sí, èmi ń kà á sí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n fi òwú ṣe lúùpù kékeré kan sí orí etí bọ́tìnì lápá ọ̀tún, kí n fi bọ́tìnì pẹlẹbẹ kan sábẹ́ kọ́là lápá òsì, tó bá dé e kò sẹ́ni tó máa rí i, tó bá ṣí i kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bọ́tìnì gidi tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni lápẹ́ẹ̀lì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Wọ̀ ọ́ fún un kó o tó sàmì, jẹ́ kó jókòó, jẹ́ kó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń mú nǹkan nílẹ̀. Ibi tí ojú ò ti ní tì í ni kó o fi bọ́tìnì yẹn sí, kó o sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnì bọ́ sójú ibi tí ọmú ga jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣọ á máa yanu níbẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ́ni kì í sábà sọ síta. Kọ́nfátíbù ò lè dára dọ́gba lọ́nà méjèèjì. Tó o bá ṣe é kó dúró dáadáa nígbà tó bá dé e, ẹ̀yìn á ga díẹ̀ nígbà tó bá ṣí i. Tó o bá yà á kó sùn wọ̀ọ̀ nígbà tó bá ṣí i, á rọ̀ díẹ̀ lọ́rùn nígbà tó bá dé e, kò ní rí bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì lọ́yà láé. Torí náà bi kọ́sítọ́mà rẹ: nínú ọjọ́ márùn-ún tó ń lọ ọ́fíìsì, mélòó ló máa dé e? Tó bá sọ fún ọ pé òun kàn fẹ́ kó ṣeé dé ni torí ọ̀gá òun, pé ṣíṣí lòun máa ń wọ̀ ọ́ jù, ya etí òde síta dáadáa, kó o sọ ọrùn kalẹ̀. Tó bá jẹ́ dídé ló fẹ́ràn, yíyà díẹ̀ ti tó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í bi kọ́sítọ́mà ní irú ìbéèrè yìí, sítáì tí wọ́n bá ti fi hàn wá lórí fóònù la máa ń gé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wọ aṣọ nínú fọ́tò, a ò mọ̀ bóyá ó lè mí.

Ní ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, tú kọ́là kúrò pátápátá. Sọ ọrùn iwájú kalẹ̀ ní ààbọ̀ ínṣì, fi kọ́tà ínṣì ṣí ẹ̀gbẹ́ ọrùn lójú èjìká tó bá ṣì ń fún un, rán ìlà yí i ká kó má fà, tún ojú ìrán wọ̀n. Kọ́là àtijọ́ yẹn á ti kúrú, jù ú sí àpò àjákù, gé tuntun. Kọ́là méjì, òkè àti abẹ́, kọ́tà yáàdì ti tó o, tó o bá ní àjákù. Tó ò bá ní, gé ewé abẹ́ láti ara kọ́tìnì lásán tó sún mọ́ àwọ̀ ẹ̀lú yẹn, kò sẹ́ni tó máa rí i. Fésìnì ló máa ṣòro, torí ó gùn. Tí aṣọ ò bá tó, so ó pọ̀ níbì kan tó wà nísàlẹ̀ bọ́tìnì àkọ́kọ́, má so ó pọ̀ lórí lápẹ́ẹ̀lì. Tí kò bá tiẹ̀ sí àjákù rárá, sọ fún un pé o fẹ́ fi aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo ṣe kọ́là àti fésìnì, kó dà bí ìgbà tó o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó máa ń wu àwọn míì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ná, aṣọ ẹ̀ ni. Kó o tó gé ohunkóhun lára àdìrẹ, fi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì àtijọ́ gé ọrùn àti kọ́là nìkan, wọ̀ ọ́ fún un.

Ohun tí mi ò lè sọ láti ibí ni bí ara kọ́sítọ́mà rẹ ṣe rí. Tí ọrùn ẹ̀ bá tẹ̀ síwájú, tàbí tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ga díẹ̀ nísàlẹ̀ ọrùn, kọ́là tó dára jù lọ láyé á ṣì máa gùn sókè, ẹ̀yìn bíláòsì ni wàá fi kún ní gígùn, kì í ṣe kọ́là. Tí èjìká ẹ̀ bá ga sókè tí kò dà wálẹ̀, kọ́là á máa jìnnà sí ọrùn. Tí àyà bá tóbi tí dáàtì, ìyẹn ibi tí à ń ṣẹ́ aṣọ pọ̀ rán kó lè gba àyà, ò sì tó, iwájú á máa fa ọrùn wálẹ̀, á wá dà bíi pé ẹ̀yìn ló kúrú. Mo mọ àwọn yìí tí mo bá rí ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ lásán, mò ń méfò ni.

Tó o bá ráyè, lọ sí ìdí àwọn tó ń ta bọ́síkọ̀rọ̀, wá bíláòsì àtijọ́ kan tó ní irú kọ́là yìí, èyí tí wọ́n rán dáadáa, tó ní lúùpù òwú kékeré yẹn lọ́rùn. Má wọ̀ ọ́, má tà á. Tú u. Tẹ́ kọ́là ẹ̀ sílẹ̀ lórí tébù, kó o gbé e lé tìẹ lórí, wàá rí i bí etí ọrùn ẹ̀ ṣe tẹ díẹ̀ tí tìẹ gún gbọọrọ. Ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ọ́n nìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Tó o bá sì ti tún ti kọ́sítọ́mà rẹ rán tán, ya fọ́tò fún mi, ọ̀kan nígbà tó bá dé e, ọ̀kan nígbà tó bá ṣí i, kó o ya méjèèjì látẹ̀yìn.